Fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí bébà: ìfiwéra ohun èlò fún ọmọ tí ìwé ń ṣòro fún

Ẹni tó bá dé ṣọ́ọ̀bù fóònù ní agbègbè Ọláìyá, tó ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ọmọ òun á fi máa kàwé, tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Wọn ò ní bi í pé kí ló ń dí ọmọ náà lọ́wọ́. A ò sì lè dá wọn lẹ́bi, ọjà ni wọ́n ń tà. Àwa òbí àti olùkọ́ ló yẹ ká ti mọ ìdáhùn ká tó jáde nílé. Ohun tó máa gba ọmọ tí lẹ́tà ń dà rú mọ́ lójú kọ́ ló máa gba èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í lè kọ̀wé, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí ọmọ tí kò lè jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS ní Òṣogbo ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ èyí, àti àwọn òbí tí wọ́n ń rí i pé ọmọ wọn gbọ́n, ó já fáfá nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, àmọ́ tí káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ ń sọ nǹkan mìíràn. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni mo máa fi wéra. Bébà àti ìdérí ìgò wà nínú rẹ̀, wọ́n sì borí láwọn ibì kan.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀

Ẹ yẹ ojú àti etí ọmọ wò ná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ti sọ di "olódo" ní ẹ̀yìn kíláàsì, pátákó ni wọn ò rí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé etí kan ṣoṣo ló ń gbọ́rọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì ni tíṣà sì máa ń dúró sí. Ọsibítù Ìjọba tó wà ní Asúbíaró àti ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIOSUN, àárín ìlú níbí ni méjèèjì wà. Kò sí áàpù tó lè ṣe iṣẹ́ awò ojú.

Ọ̀rọ̀ èdè ló tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ń sọ Yorùbá nílé láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí wọ́n wá gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì lé lọ́wọ́ ní ilé-ìwé, lè máa kọsẹ̀ torí pé èdè náà ò tíì yé e. Nítòsí wa ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, wọn ò sì rẹ̀yìn sí wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ọpọlọ ọmọ ni, ẹ wo èdè tí ẹ fi ń dán an wò.

Ìdánwò kan wà tí ẹ lè ṣe ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹ ka ìtàn kúkurú sí ọmọ létí ní Yorùbá, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin, márùn-ún. Ẹ wá gbé ìwé kíkà Yorùbá tó bá kíláàsì rẹ̀ mu fún un. Bí ìtàn bá yé e, tó sì ka Yorùbá geere, Gẹ̀ẹ́sì ló ń dà á láàmú. Bí ìtàn bá yé e, àmọ́ tí lẹ́tà ń ṣe é ní jàǹbá ní èdè méjèèjì, tó ń fo ọ̀rọ̀, tó ń wo lẹ́tà àkọ́kọ́ kó tó máa méfò ìyókù, ìyẹn sún mọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dyslexia. Bó bá sì jẹ́ pé ìtàn tí ẹ kà sí i létí gan-an ni kò yé e, ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè kò ní ràn án lọ́wọ́, ẹ tọ́jú owó yín. (Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń fi b pe d kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún méje.)

Ìdánwò yìí kò tó láti fi pe ọmọ ní orúkọ àìsàn kankan. Iṣẹ́ onímọ̀ nìyẹn. Ó tó láti mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbìyànjú.

Ìbéèrè kan ṣẹ́kù, òun ni mo máa fi wọn gbogbo ohun èlò tó wà nísàlẹ̀: kí ni iṣẹ́ òní fẹ́ kọ́ ọmọ yìí gan-an? Bí iṣẹ́ bá dá lórí bí omi ṣe ń di ìkùukùu tó sì ń rọ̀ bí òjò, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà débẹ̀ lásán ni kíkà jẹ́. Kí fóònù kà á fún un, kó lè ráyè ronú sí òjò. Bó bá jẹ́ pé mímọ̀-ọ́n-kà ni iṣẹ́ náà, fóònù tó ń kà á fún un ti jí iṣẹ́ ọmọ ṣe.

Ọmọ tí kíkà ń ṣòro fún

Ohun mẹ́rin ló wà níbí tó yẹ ká gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Fóònù Android ni àkọ́kọ́. Lábẹ́ Settings, níbi tí wọ́n kọ Accessibility sí, ẹ máa rí Select to Speak. Bí ẹ bá tàn án, ọmọ á tẹ gbólóhùn lójú fóònù, fóònù á sì kà á sókè. Ẹ má ṣe tan TalkBack tó wà nítòsí rẹ̀ o. Àwọn tí kò ríran ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, ó ń yí bí wọ́n ṣe ń tẹ gbogbo fóònù padà, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé fóònù ti bàjẹ́. Ẹ fa ohùn Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí Wi-Fi wà, lẹ́yìn ìyẹn á máa kàwé láìjẹ dátà. Ẹ dín ìyára rẹ̀ kù, torí bó ṣe máa ń kà á nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án yá jù fún ọmọ. Bó bá jẹ́ ìwé orí bébà, Google Lens lè ya àwòrán ojú ewé kó sì kà á, àmọ́ ìyẹn ń fẹ́ dátà, ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ìwé àlòkù tó ti pọ́n sì máa ń dà á láàmú.

Ibi tí fóònù ti kùnà pátápátá ni Yorùbá. Bí ẹ bá fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì ka ìwé Yorùbá, ohun tó máa jáde kò ní jọ nǹkan tí ọmọ Òṣogbo kankan gbọ́ rí. Ọmọ tí lẹ́tà ti ń dà láàmú tẹ́lẹ̀ kò nílò ìyẹn.

Èkejì ni ohùn èèyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Èyí ni àwọn olùkọ́ máa ń fojú rénà, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Tíṣà tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà ní SS2 ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí kó gbé e sórí mẹ́mọ́rì káàdì. Àwọn rédíò kéékèèké tó ń lo mẹ́mọ́rì káàdì, èyí tí àwọn ìyá wa ní Ọjà Ọba fi ń gbọ́ wáàsì àti orin, ló máa gbé e fún ọmọ tí kò ní fóònù. Kò gba dátà, àfi ti WhatsApp, ó ń sọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, ohùn ẹni tí ọmọ mọ̀ sì ni. Kìkì pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣe é dáadáa: ojú ewé kan, ohùn kan, kí ẹ sì kọ́kọ́ pe nọ́ńbà ojú ewé. Bí ẹ bá ka odindi orí sínú ohùn kan ṣoṣo, ọmọ tó bá sọ ibi tó dé nù kò ní rí i mọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni àkókò tíṣà, ẹni tó bá sì ti rí olùkọ́ kan tó ń kọ́ ọmọ àádọ́ta mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà. Immersive Reader ti Microsoft wà nínú Word, OneNote àti Edge, wọn kì í gba owó mìíràn fún un. Bó ṣe ń kàwé ló ń fi àwọ̀ sára ọ̀rọ̀ tó dé, ó lè gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, ó sì lè bo ojú ewé kó ṣẹ́ ku ìlà kan, mẹ́ta tàbí márùn-ún. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbí, òun nìkan ni mo lè sọ pé ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà tí mímọ̀-ọ́n-kà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́, torí pé ojú ọmọ àti etí rẹ̀ jọ ń lọ ni. Ó fẹ́ iná, ó sì sábà máa ń fẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹrin ni bébà tí wọ́n tún tẹ̀. Ní 2012, Marco Zorzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán àwọn ọmọ Ítálì àti Faransé tó ní dyslexia wò. Wọ́n fẹ àlàfo àárín lẹ́tà lójú, ohun tí wọ́n ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọmọ náà sì kàwé yá sí i, àṣìṣe wọn dín kù, láìsí pé wọ́n kọ́ wọn ní nǹkan kan. Iṣẹ́ tí ẹ lè gbé lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà èyíkéyìí ní Òkè-Fìà nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní fọ́ǹtì 14, kí wọ́n fẹ àlàfo lẹ́tà àti ti ìlà, kí apá òsì tò dọ́gba, kí wọ́n sì fi apá ọ̀tún sílẹ̀ bó bá ṣe rí. Ẹ gé fèrèsé kékeré sára páálí tó lè gba ìlà kan lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ máa fi wakọ̀ lórí ojú ewé. Ní ti fọ́ǹtì OpenDyslexic tí àwọn èèyàn ń pariwo, ẹ lè lò ó bí ọmọ bá fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ìwádìí tí wọ́n fi wé fọ́ǹtì lásán kò fi hàn pé ó mú ọmọ kàwé dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀. Rọ́bà aláwọ̀ tí wọ́n ń tà pé kí wọ́n tẹ́ lé ìwé, ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lágbára. Èmi ò ní fowó rà á.

| | Fóònù | Ohùn èèyàn | Kọ̀ǹpútà | Bébà |
|---|---|---|---|---|
| Bí iná bá lọ | Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ títí bátìrì fi tán | Bákan náà | Wákàtí mélòó kan, bí bátìrì bá dára | Kò kàn án |
| Dátà | Rárá, àfi Lens | Fún WhatsApp nìkan | Lọ́pọ̀ ìgbà | Rárá |
| Ìwé Yorùbá | Kò dáa | Ó dáa jù | Kò dáa | Ó dáa |
| Nígbà tí kíkà jẹ́ ẹ̀kọ́ | Ẹ pa á | Ẹ pa á, àfi bí ojú ọmọ bá ń tẹ̀ lé e | Ẹ lò ó | Ẹ lò ó |
| Ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀ | Ọmọ | Tíṣà tàbí ẹbí | Ilé-ìwé | Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ |

Bó bá jẹ́ èmi ni, ọmọ pírámárì kẹta sí ìkarùn-ún á gba ohùn èèyàn àti bébà, ọmọ JSS á gba fóònù. Kọ̀ǹpútà á wọlé bí ilé-ìwé bá ti ní i tẹ́lẹ̀. Mi ò ní sọ pé kí òbí kan lọ yáwó ra láàpútọ̀ọ̀pù torí Immersive Reader.

Ohun kan wà tí àtẹ òkè yìí kò lè sọ. Ọmọ kan ṣoṣo tó fi íapíìsì sétí láàárín kíláàsì, wọ́n máa fi ṣẹ̀fẹ̀ kí aago ìsinmi tó lù. Ẹ fún ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó jẹ́ àyè ẹgbẹ́, kí ẹ máa yí wọn padà. Ọmọ tó ń kàwé dáadáa kò ní bàjẹ́ torí ó gbọ́ ìtàn lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí bírò

Ẹ mọ irú ọmọ yìí. Ẹ bi í ní ìbéèrè, á dáhùn bí alàgbà. Ẹ ní kó kọ ọ́, á kọ ìlà méjì tí ẹnikẹ́ni ò lè kà.

Sísọ̀rọ̀ sí fóònù kó máa tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń rò. Gboard tó wà lórí Android ń ṣe é, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà dé àyè kan, Google sì fi Yorùbá kún un ní 2024. Nínú yàrá tó dákẹ́, ó dára. Nínú kíláàsì tí gbogbo ọmọ ń ka táìmù téèbù lẹ́ẹ̀kan náà, ìkọsẹ̀ ni. Ẹ tún rò ó wò: bí ọmọ náà kò bá lè kàwé, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ohun tí fóònù tẹ̀ kọ́ ni òun sọ? Kó máa ní kí Select to Speak ka ohun tó tẹ̀ padà fún un. Láìsí èyí, ìsọkúsọ ló máa fi sílẹ̀ fún tíṣà.

Bọ́tìnnì títẹ̀, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n so mọ́ fóònù pẹ̀lú wáyà OTG, kò wọ́n tó láàpútọ̀ọ̀pù, ó sì máa bá ọmọ dé ọjọ́ ogbó. Kò yá. Oṣù mélòó kan ni ọmọ máa fi kọ́ ọ kó tó yára ju bírò lọ, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní tẹ́ẹ̀mù tí ìdánwò ń bọ̀. Ìgbà ọlidé gígùn, láti ìparí July títí dé September, nígbà tí ìlú ń múra ọdún Ọ̀ṣun tí àwọn ọmọ sì wà nílé, ló dára jù fún un.

Ẹ̀kẹta rọrùn débi pé ó ń tì wá lójú láti kà á mọ́ ohun èlò: kí ọmọ dáhùn lẹ́nu. Bó bá jẹ́ pé ohun tí iṣẹ́ òní fẹ́ mọ̀ ni bóyá ọmọ lóye ìdí tí àwọn Òyìnbó fi ṣe rélùwéè dé Òṣogbo, ìdáhùn ẹnu tí tíṣà gbà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì ti tó fún un láti fi fún un ní máàkì. Òun ni mo máa yàn ṣáájú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti kíkọ nóòtù láti ara pátákó. Ọmọ yìí lè fi gbogbo pírírọ́ọ̀dù kọ ìdajì nóòtù, kó má sì gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí tíṣà sọ. Kí tíṣà ya pátákó ní fọ́tò kó fi ránṣẹ́ sí òbí, tàbí kí wọ́n ya nóòtù ọmọ mìíràn. Àwọn ilé-ìwé kan kì í jẹ́ kí ọmọ mú fóònù wá, ìyẹn náà dára, fóònù tíṣà ló ń ya á.

Ìṣirò: ọpọ́n ayò, áàpù, àti kálíkúlétọ̀

Ọmọ kan wà tí kì í rí iye. Ẹ fi ìdérí ìgò mẹ́fà hàn án, á ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi kún un kó di méje, á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ohun tí ọmọ yìí ń wá kì í ṣe eré orí fóònù tó ń yọ iná tó sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn áàpù ìṣirò tó pọ̀ jù lọ, ìyára ni wọ́n ń dán wò, wọ́n sì ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń méfò kí àkókò tó tán.

Ẹ fi wé ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Ọmọ á fọwọ́ kó mẹ́rin, á pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á rí i pé mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta jẹ́ méjìlá kí ẹnikẹ́ni tó ní kó há a sórí. Nígbà tó bá yá, ojú rẹ̀ á máa mọ mẹ́rin láìkà. Kò sí áàpù tí mo lè fi ṣáájú rẹ̀ fún ọmọ pírámárì. Ìdérí ìgò mínírà ń ṣe iṣẹ́ náà bí ẹ ò bá ní ayò.

Fún JSS, níbi tí ìdá àti nọ́ńbà tó kéré sí òdo ti ń wọlé, PhET, ìyẹn àwọn àwòrán orí ẹ̀rọ tí ọmọ lè fọwọ́ yí, dára gan-an. Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é, Carl Wieman ló sì dá a sílẹ̀ ní 2002. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè fa ọ̀pọ̀ nínú wọn sílẹ̀ kí ẹ máa lò wọ́n láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn ò sì ní aago tó ń lé ọmọ. Ọmọ á fi ọwọ́ gé nǹkan sí ìdá mẹ́ta, á rí i.

Kálíkúlétọ̀ ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín olùkọ́. Ìbéèrè wa ìṣáájú ló máa parí ìjà náà. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ bí ìyá alátà ṣe máa mọ èrè rẹ̀, ẹ fún ọmọ ní kálíkúlétọ̀, kó ronú sí èrè. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ìsọdipúpọ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ tí kò lè fara balẹ̀

Díẹ̀ ni mo ní sọ níbí, torí pé ohun èlò tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kò pọ̀, ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ ló pọ̀. Aago tó ń fi àwọ̀ hàn bí àkókò ṣe ń tán wúlò, ẹ lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n fóònù tí aago wà lórí rẹ̀ ní TikTok nínú pẹ̀lú. Aago kíṣìnì tí wọ́n ń yí lọ́wọ́ sàn ju ìyẹn lọ. Ẹ gé iṣẹ́ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ọmọ dìde lọ gbé ṣọ́ọ̀kì wá láàárín.

Kí ẹ tó ra íapíìsì ńlá tó ń dí ariwo fún un, ẹ lọ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé wà. Nígbà tí "I better pass my neighbour" bá ń ké lábẹ́ fèrèsé, tí wọ́n tàn án nítorí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fẹ́ fi ran ọmọ náà lọ́wọ́, ariwo yẹn ti gba ohun tí kọ̀ǹpútà fẹ́ fún un. Ẹ gbé e lọ sẹ́yìn ilé ná, tàbí kí ẹ yí ìjókòó ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tàbí ohun kan fún kíláàsì?

Ní Ọ̀ṣun, a kò lè sọ ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì ká má dárúkọ Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, tí ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé jáde ní 2013 fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tó lágbára jù nìyẹn, ẹni tó bá ń ra ẹ̀rọ lónìí ṣì yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè rẹ̀: bí dátà bá tán, kí ló kù nínú ẹ̀rọ yìí? Fún ọmọ tí kò lè kàwé, àmọ́ ṣá, ìwé tó wà lójú gíláàsì àti ìwé orí bébà, ọgbà kan náà tó ga ni. Ìwé tó pọ̀ nínú ẹ̀rọ kọ́ ló máa gbé e kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ tan ohùn inú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ.

Ilé-ìwé tó ní owó díẹ̀ yẹ kó ronú sí Kolibri, áàpù ẹ̀kọ́ kan, ṣáájú tábúlẹ́ẹ̀tì ogún. Àjọ Learning Equality ló ń ṣe é, wọ́n gbé e jáde ní 2017, ó sì wà fún ibi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ fa fídíò àti iṣẹ́ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nínú yàrá náà á máa gbà á láti ara kọ̀ǹpútà yẹn. Ọmọ JSS 1 tí ìṣirò rẹ̀ ṣì wà ní pírámárì kẹrin lè máa ṣe ti pírámárì kẹrin, kí ẹni tó jókòó tì í má sì mọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó gba kí olùkọ́ kan mọ̀ ọ́n dáadáa, bí olùkọ́ yẹn bá sì gba ìgbéga lọ sí ìlú mìíràn, ó lè kú sórí tábìlì. Kí méjì kọ́ ọ.

Láàárín projector àti tẹlifíṣọ̀n fún gbogbo kíláàsì, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Projector oní-gílóòbù sábà máa ń jẹ iná tó 200 sí 300 wáàtì, ó sì fẹ́ kí yàrá ṣókùnkùn, ìyẹn ni pé ẹ máa ti fèrèsé nínú ooru oṣù kẹta. Tẹlifíṣọ̀n LED oní-ínṣì 32 jẹ nǹkan bí 50 wáàtì, ẹ lè fi bátìrì sólà kékeré gbé e, ó sì ń hàn nínú ìmọ́lẹ̀. Kíkọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fídíò, bí ẹ bá tàn án, ń ran ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Ìdánwò ìta

Níbí ni yíyàn tó dára lójoojúmọ́ ti lè di ìdẹkùn. Láti 2015 ni JAMB ti di orí kọ̀ǹpútà pátápátá, kálíkúlétọ̀ wà lójú rẹ̀, kò sì sí ohùn tó ń kàwé fún ọmọ lásán. Ní ti WAEC, ẹ bi ilé-ìwé léèrè irú kálíkúlétọ̀ tó lè wọ gbọ̀ngàn. Ọmọ tí fóònù ti ń kàwé fún láti JSS 1 gbọ́dọ̀ ti máa ṣe ìdánwò láìsí i, díẹ̀díẹ̀, láti SS 1 ó pẹ́ tán, kí ó má bàa jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ló ti máa kọ́kọ́ dá wà pẹ̀lú bébà.

Ẹ tún béèrè ohun tí ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn abirùn léèwọ̀ ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2018 tí ààrẹ buwọ́ lù ní January 2019, dárúkọ ẹ̀kọ́. Láti 2017 ni JAMB ti ní ẹgbẹ́ kan tó ń bójú tó àwọn afọ́jú tó fẹ́ ṣe ìdánwò rẹ̀, WAEC náà sì ní ètò fún àwọn tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́rọ̀, títí kan àfikún àkókò. Ọmọ tó ní dyslexia kò hàn sí ojú bíi ti afọ́jú, ìwé onímọ̀ ló máa sọ̀rọ̀ fún un. Ẹ wá ìwé náà nígbà tí ọmọ ṣì wà ní SS 1, kí ọ̀gá ilé-ìwé kọ lẹ́tà kó tó di ìgbà ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà lẹ́tà náà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù sọ́wọ́. Bí ìdáhùn kò bá tíì dé nígbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde, ẹ fi ẹ̀dà yẹn tẹ̀ lé fọ́ọ̀mù.